Ìyàwó Tí Kò Gba Orí Omi Wọlé

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ sì pa tẹlifíṣọ̀n yẹn kí n lè gbọ́ ohùn ara mi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé láti wá máa tọ́jú àwọn arúgbó, àti ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí tí Yorùbá máa ń kọ́ lẹ́nu, gbogbo yín lẹ máa ń bi mí ní ohun tí mo fi tapólì bò ní ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ̀ ìpẹja ni. Kì í ṣe ọkọ̀ olówó ńlá, kò sì pa ẹja kankan rí lọ́wọ́ wa. Daddy yín, ọkọ mi, wà ní yàrá kejì yẹn o, kò sùn. Bí mo bá fi irọ́ kún un, ẹ máa gbọ́ kó wúkọ́.

Èmi, Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí mi, létí ọ̀sà. Apẹja ni bàbá mi, ẹja gbígbẹ ni ìyá mi ń tà. Daddy yín tún jìnnà sínú omi jù wá lọ. Ìlú wọn wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ilẹ̀ ti parí tí òkun ti bẹ̀rẹ̀. Orí òpó ni wọ́n ń kọ́ ilé sí, pákó ni wọ́n fi ń ṣe títì. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ níbẹ̀, ariwo tí ẹ máa gbọ́ kì í ṣe ti mọ́tò. Àjẹ̀ ni, tó ń kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé tó ń dún gbà-gbà-gbà lórí pákó, àti ìyá kan tó ń kí ìyá kejì láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé, tí omi wà láàárín wọn. Wọ́n á béèrè bàbá, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè àwọ̀n. Bí ọmọ bá jábọ́ sómi, kò sí ẹni tí í figbe ta. Wọ́n á kàn na ọ̀pá sí i, wọ́n á ní ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Èéfín ẹja wà lára aṣọ gbogbo ènìyàn, a ò sì mọ̀ pé òórùn ni, àfi ìgbà tí a kúrò níbẹ̀.

Àní ìkórè, orí omi ni wọ́n ti ń ṣe é. Ọkọ̀ á tò tẹ̀lé ara wọn láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, iṣu nínú ọ̀kan, ewúrẹ́ nínú òmíràn. Lọ́dún kan, ewúrẹ́ ìdúpẹ́ fò sómi, olórí akọrin sì bẹ́ tẹ̀lé e pẹ̀lú ẹ̀wù funfun lọ́rùn. Daddy yín ní orin kò tiẹ̀ dúró. Wọ́n fa olórí akọrin àti ewúrẹ́ jáde pọ̀, àwọn méjèèjì ń ṣe ìdúpẹ́.

Wàyí o, ẹ wo ibi tí a wà yìí. Omi yí wa ká ní Thamesmead, ní London yìí, bákan náà, adágún níhìn-ín, odò lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n fi irin dí i, wọ́n lẹ ìkìlọ̀ mọ́ irin náà. Àdúgbò wa gan-an, Moorings ni wọ́n sọ ọ́, ibi tí wọ́n ti ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tí a ti dé ibí, n kò tíì rí ọkọ̀ kan tí wọ́n so. Mọ́tò ni wọ́n ń so. Aládùúgbò mi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀, ó ṣí i nírọ̀lẹ́, ìyẹn ni gbogbo ìkíni wa.

Nínú gbogbo àṣà ìlú Daddy yín, ọ̀kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí òun ló bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí. Ìyàwó kì í fi ẹsẹ̀ rìn wọ ilé ọkọ níbẹ̀. Orí omi ló ń gbà wọlé. Wọ́n á gbé e jókòó sínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ kan omi. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ á máa fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé ìyàwó ń bọ̀. Bí wọ́n bá dé ìdí àkàbà, wọ́n á pọ̀n ọ́n gòkè dé ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ sì ni ìyá ọkọ, tàbí ọmọ ilé kan tó jẹ́ obìnrin, á ti fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹn bá tutù ló tó di ìyàwó ilé. Títí di ìgbà náà, àlejò ni.

Woolwich ni èmi àti Daddy yín ti pàdé. Èmi ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì, òun ń wa mọ́tò búrẹ́dì. Rẹ́jísírì la ti ṣègbéyàwó, òjò ń rọ̀, a sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Nígbà tí owó tíkẹ́ẹ̀tì máa fi pé lọ́wọ́ wa tí a lè lọ sí Nàìjíríà kí wọ́n rí mi, wọ́n ti la ọ̀nà yanrìn dé ìtòsí ìlú wọn. Ọ̀kadà ló gbé wa débẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lórí pákó, pẹ̀lú bàtà onígìgísẹ̀ gíga tí mo fi ń ṣe fáàrí, gìgísẹ̀ ọ̀kan sì há sáàárín pákó méjì. Ìyá ọkọ mi wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àlejò wa, ẹ káàbọ̀."

Kò bú mi o. Ẹ gbọ́ mi yé. Ó fún mi ní ẹja tó dára jù nínú ìkòkò, ó tẹ́ ẹní tuntun fún mi. Ṣùgbọ́n kò rán mi níṣẹ́. Bí mo bá di ìgbálẹ̀ mú, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyàwó tí wọn kì í rán níṣẹ́ nílé ọkọ, kí ló ń ṣe níbẹ̀? Nígbà tí a ń lọ, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kó tún mú mi wá nígbà mìíràn, kó mú mi gba orí omi wá, kí òun lè fọ ẹsẹ̀ mi. A ní a ó wá.

Ìgbà mìíràn yẹn kò dé. Òkun ló kọ́kọ́ dé. Ó ń jẹ ìlú náà díẹ̀díẹ̀. Ilé tó wà níwájú lọ́dún yìí, òpó rẹ̀ nìkan ló máa kù lọ́dún tó ń bọ̀. Ilé ìwé lọ, ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ilé ìyá ọkọ mi náà lọ. Wọ́n kó màmá lọ sí òkè ilẹ̀, níbi tí kò ti gbọ́ ohùn omi mọ́, ibẹ̀ ló sì kú sí. Nígbà ìsìnkú, àwọn ìyàwó ilé jókòó pọ̀ sórí ẹní, wọ́n ń sunkún ìyá wọn. Èmi náà fẹ́ jókòó tì wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn dìde, ó fi ọ̀wọ̀ dì mí mú lápá, ó mú mi lọ sábẹ́ àtíbàbà níbi tí wọ́n to àga ike sí fún àwọn àlejò. Ó tiẹ̀ fi etí ìró rẹ̀ nu àga náà kí n tó jókòó.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìyá kan sọ lẹ́nu ọ̀nà, ọdún gorí ọdún, ẹni tó sọ ọ́ ti kú, kò sì sí ẹni tó lè kó o nílẹ̀. Mo jókòó sórí àga yẹn, ó dùn mí débi pé ẹkún kò jáde. Daddy yín rí mi láti ọ̀ọ́kán, ó gbé ojú kúrò. A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ rárá nígbà tí a padà sí London.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí etí odò ní Belvedere, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá wà. Ó ní òun ń na ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wọlé, kò tíì bọ́ kóòtù, ó ní, "Mo ti ra ọkọ̀."

Mo ní, "Kí la tún fẹ́ fi mọ́tò ṣe?"

"Kì í ṣe mọ́tò. Ọkọ̀ ìpẹja ni. Mo fẹ́ fi gbé ọ wálé."

"Ilé wo? Ṣé òkun ò ti gbé ilé yín lọ?"

Ó fi ọwọ́ lu ògiri pálọ̀ wa. "Ilé tó kù fún mi láyé rèé. Ibí ni màá gbé ọ wọ̀."

Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo ní arúgbó ń ṣeré. Nígbà tó yá, mo wọ ilé ìdáná lọ, mo ṣí omi kí ó má bàa gbọ́ mi, mo sì sunkún dáadáa.

Òyìnbó arúgbó kan, Mista Lẹ́nì, ló ta ọkọ̀ náà fún un. Orúnkún ọkùnrin náà ti kọ iṣẹ́, kò lè gbé àwọ̀n mọ́. Owó tí ẹ̀yin ń kó lé fóònù kan, ó ju iye tó gbà lọ. Ìgbà tí mo sì rí ọkọ̀ náà, mo mọ ìdí rẹ̀. Ewédò ti bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹyẹ ti kọ́lé sábẹ́ ìjókòó, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí bí ara ẹni tí oòrùn pa. Mo bi Daddy yín bóyá wọ́n tún san owó fún un kó tó gbé e. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ báyìí, ọwọ́ mi rántí. A bọ́ kóòtù, a bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Láti lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde títí oòrùn fi mú, ọgbà etí odò tí Mista Lẹ́nì gbé ọkọ̀ náà sí là ń jí lọ, tàwa ti fúláàsì tíì àti búrẹ́dì. Ìró sáńpépà lára ọkọ̀, shàà, shàà, ó ń ṣe mí bíi pé ìyá mi ń họ ìpẹ́ ẹja lẹ́yìn ilé.

Ibẹ̀ la ti wá ṣe ohun tí Mista Lẹ́nì ṣì ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Nílé, bí ọkọ̀ onígi bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀, oòrùn á sán an. A kì í sáré dí i. A ó kọ́kọ́ rì í ni. A ó kó òkúta sínú rẹ̀, a ó fi sábẹ́ omi kí igi náà mu omi yó. Bó bá yó, á wú, ojú sísán á sì pa dé fúnra rẹ̀. Ohun tí bàbá mi ń ṣe nìyẹn, òun náà ni bàbá Daddy yín ń ṣe. Nítorí náà, nígbà tí a rí ìlà sísán tín-tìn-tín nínú ọkọ̀ yìí, a ò tiẹ̀ jíròrò. Mista Lẹ́nì ti lọ kí àbúrò rẹ̀. A fa rọ́bà omi, a rọ omi kún ọkọ̀ náà dé ẹnu, a kó búlọ́ọ̀kù sínú rẹ̀, a sì lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe igi, ẹ̀yin ọmọ. Fáíbà ni, bíi ike líle. Pákó díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n fi fáíbà bò mọ́lẹ̀ kí omi má bàa kàn án láyé. Omi wá gba ojú sísán wọlé, pákó mu ún yó, ó wú, ó sì la fáíbà náà bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ ṣe ń la èèpo. Mista Lẹ́nì dé, ó dúró, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní òun ti ń rí ọkọ̀ tó rì sódò láti kékeré, òun ò tíì rí èyí tó rì sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Daddy yín ní kí n sọ fún un pé báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Mo gbìyànjú, ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì mi ò gbé e. Wọ́n gé gbogbo ìsàlẹ̀ náà kúrò. Mista Lẹ́nì ní a gbọ́dọ̀ jẹ́ kó gbẹ kí òun tó tún un ṣe, wíwọ odò sì di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.

A rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. A ò mọ̀ pé ìgbà òtútù yẹn ló máa gba ohun tí a ò lè rà padà. Èmi ni n kò mọ̀. Daddy yín mọ̀. Àrùn kan ti ń jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọkọ̀ gbẹ tán, tí Mista Lẹ́nì ti fi pákó tuntun sí i, Daddy yín ní òun fúnra òun ló máa kùn ún. Ó kun ún ní funfun. Ó sún sẹ́yìn, ó ní, "Ó ti parí. Wò ó, ṣé kò dára?" Mo wò ó. Ó ti fi apá kan sílẹ̀ láìkùn, ibi tó gùn tó ẹnu ọ̀nà yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì láìsọ̀rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró rẹ̀.

"Kí lò ń kùn?"

"Ibì kan ló kù díẹ̀."

Ó fọwọ́ wá kẹ́ẹ̀gì ọ̀dà kan, ó jókòó lé e. Ó ní, "Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí ọ nígbà tí o bá ń wọlé. Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyẹn."

Ẹ̀yin ọmọ, mo ti sin òbí mi méjèèjì, mo ti sin àbúrò. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára bí ọ̀rọ̀ yẹn. Ọsibítù ní àwọn lè dá èyí tó kù lára ìríran rẹ̀ dúró díẹ̀, èyí tó ti lọ kò ní padà. Kó tó di pé ojú ọjọ́ móoru dáadáa, èyí tó kù náà lọ.

Ṣadé, ọmọ wa kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì ni. Ìgbà tó gbọ́ pé a ṣì fẹ́ gbé ọkọ̀ bọ́ sódò, ó sáré wá. Ó dúró sáàárín pálọ̀ yìí.

"Mummy, no. Capital no. River yẹn ń fa gan-an. Daddy ò ríran, Mista Lẹ́nì ò lè tẹ orúnkún, ẹ̀yin náà ẹ ṣe hip operation. So who is the responsible adult?"

Daddy yín ní, "Ìyá rẹ ni."

"Daddy, I'm serious! Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ lọ ṣe lórí omi? Ẹja wà ní Woolwich market."

Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, mo sọ ti àga ike, mo sọ ti obìnrin tó fi ìró nu àga fún mi. Ó wò mí bíi pé òun ò mọ̀ mí rí. "Grandma pè yín ní àlejò? Títí tó fi kú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Àti pé èmi, mo jẹ́ ọmọ ilé, ẹ̀yin, ẹ ò sí nílé?" Mo ní bó ṣe rí nìyẹn. Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó dé pẹ̀lú life jacket fún gbogbo wa, ó sì ti bá Mista Lẹ́nì sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí omi máa kún.

Òwúrọ̀ ni a lọ. Mista Lẹ́nì jókòó sídìí ẹ́ńjìnì, odò rẹ̀ ni, ó mọ ọ̀nà rẹ̀. Daddy yín wà níwájú. Èmi wà láàárín, nínú ìró àti bùbá lábẹ́ life jacket, ẹsẹ̀ mi méjèèjì nínú ìbọ̀sẹ̀ lórí ìrọ̀rí pálọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Odò yìí gbòòrò, omi rẹ̀ dúdú, kò ní sùúrù bí ọ̀sà wa. Omi tó ń kún gbé wa lọ. Bí a ṣe rìn díẹ̀, Daddy yín gbé imú sókè, ó ní, "A ti dé Crossness." Mista Lẹ́nì rẹ́rìn-ín débi pé ẹ́ńjìnì fẹ́ẹ̀ kú. Òórùn ilé iṣẹ́ omi ìdọ̀tí yẹn kò nílò ojú.

Nígbà náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Gbòò, gbòò. Fáíbà kì í dún bí igi, ṣùgbọ́n ó dún. Ògiri Thamesmead wà lápá òsì wa, kò síbi tí a lè gúnlẹ̀ sí, àwọn tó ń sáré ìdárayá dúró, ọmọ kan juwọ́ sí wa. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ìlù yẹn ń wí. Daddy yín lù ú títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n. Ní gbogbo ìgbà tó bá sinmi, á bi mí pé, "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ gbẹ?" Màá ní, "Ó gbẹ."

Ibi tí ilẹ̀ ti rọra da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ odò ní Woolwich ni Ṣadé ti ń dúró dè wá pẹ̀lú wheelchair tí wọ́n fún mi nígbà tí mo ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí. Ó wọ omi dé orúnkún, ó gbé mi láti inú ọkọ̀ sórí kẹ̀kẹ́ náà. Mo ní kó rọra. Ó ní, "Mummy, ojoojúmọ́ ni mò ń gbé èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi." Mista Lẹ́nì ṣí fìlà rẹ̀ fún mi, ó wa ọkọ̀ padà sí ọgbà, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé e wá sí ẹ̀yìnkùlé wa lẹ́yìn náà. Daddy yín di ejìká Ṣadé mú, a sì lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọ Yorùbá ni dírẹ́bà. Ó sọ pákó ìgòkè kalẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ mi.

"Mummy, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹsẹ̀ ló ń dùn yín?"

"Rárá, ọmọ mi. Ìyàwó ni mí. Wọ́n ń gbé mi lọ sílé ọkọ."

Ó wo Daddy yín, ó wo ìbọ̀sẹ̀ mi, ó wo Ṣadé tí ṣòkòtò rẹ̀ ń kán omi. Ó ní, "Congratulations ma," ó sì rọra wa bọ́ọ̀sì náà títí a fi sọ̀.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yìí, Ṣadé mú Daddy yín wọlé, ó fi í jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó gbé abọ́ ike jáde pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀ mi. Ọmọ tí mo bí ni, mo fi irú omi yìí kan náà wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé bàbá rẹ̀ ni, òun nìkan ló sì kù ní London tó lè gbà mí sílé.

Ó yí orí padà. "Daddy, kí ni mo máa sọ?"

Daddy yín ní, "N kò mọ̀. Àwọn obìnrin ló ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá mi gbé e lọ."

Ṣadé fọ ẹsẹ̀ mi bó ṣe ń fọ ti àwọn aláìsàn rẹ̀, láàárín ọmọ ìka, lábẹ́ gìgísẹ̀, láìkánjú. Nígbà tó ṣe, ó di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú nínú omi, kò gbé ojú sókè, ó ní, "Mummy, ẹ ò ní lọ mọ́."

Daddy yín na ọwọ́ láti orí àtẹ̀gùn, ó wá mi títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ẹsẹ̀ mi. Ó fọwọ́ pa á, ó rí i pé ó tutù. Ẹkún tí n kò rí sun nílé ìsìnkú, ibẹ̀ ni mo ti sun ún. Mo wá dìde. Mo fi ẹsẹ̀ tútù tẹ kápẹ́ẹ̀tì wọlé, omi ń kán lẹ́yìn mi dé ilé ìdáná, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi pé kí n nu ún, ilé mi ni.